Ìgbẹ́ Tí Ìyá Máfọwọ́kàn-án Yá

Obìnrin kan wà lókè tiwa tó mọ́ ju gbogbo wa lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì sọ ọ́ títí tí a fi gbà fún un, nítorí pé ó rọrùn láti gbà fún un ju kí ènìyàn máa bá a jiyàn lọ. Alágbàfọ̀ ni. Aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn, aṣọ tábìlì òtẹ́ẹ̀lì tó wà létí ọ̀nà, aṣọ iléèwé àwọn ọmọ tí ìyá wọn kò ráyè, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Tí ẹ bá dé ilé rẹ̀ tí ẹ sì nawọ́ sí ohunkóhun, ìbáà ṣe ife omi tó gbé síwájú yín fúnra rẹ̀, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni, "Má fọwọ́ kàn án." Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Ìyá Máfọwọ́kàn-án, àwọn àgbà sì gbà á lẹ́nu wọn.

Jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ń kọ́ lókè yìí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọ. Mo máa ń fẹ́ kí á pe nǹkan bó ṣe jẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n tètè tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe: Ìyá Máfọwọ́kàn-án kò mọ́. Aṣọ rẹ̀ ló mọ́. Ọ̀tọ̀ ni kí aṣọ mọ́, ọ̀tọ̀ ni kí ilé mọ́, obìnrin náà kò sì mọ ìyàtọ̀ wọn títí di òní.

Yàrá méjì ni ilé rẹ̀, òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́n. Yàrá iwájú ni ibi iṣẹ́. Okùn aṣọ gba inú rẹ̀ kọjá láti ògiri dé ògiri, torí pé kùrukùru kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ níta lọ́dọ̀ wa. Ẹ ní láti tẹrí ba kí ẹ tó lè wọlé. Áyọ́ọ̀nù eléèédú méjì wà lórí iná, bí ọ̀kan bá ń tutù, èkejì á máa gbóná. Òórùn sítáàṣì àti ọṣẹ ni ilé náà máa ń gbé jáde. Ilẹ̀ ibẹ̀, ẹ lè tẹ́ ọmọ tuntun sí i. Yàrá ẹ̀yìn ni òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ń sùn. Ìyá ọmọ náà ń ṣe iṣẹ́ ní ìlú ńlá tó wà nísàlẹ̀, ó sì fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ látìgbà tó ti já a lẹ́nu ọmú. Òwú ni ìyá àgbà ń pe ọmọ náà, nítorí pé funfun nìkan ló ń wọ̀ fún un. Tí ẹ bá ti rí ọmọ kékeré tí wọn kò gbà láyè láti jókòó síbikíbi, ẹ ti rí Òwú.

Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti gbà á láyè, ibẹ̀ ni ẹ̀yìn ilé, níbi tí Ìyá Máfọwọ́kàn-án ní ọgbà kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì sí. Ọgbà yìí náà, ìyangàn ni fún un. Ilẹ̀ wa kò dára, òkúta ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kárọ́ọ̀tì tirẹ̀ máa ń tóbi tó ọwọ́ ọmọdé. Ọgbọ́n tó ń ta sí i kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni lókè yìí, torí pé ọ̀pọ̀ wa ló ń ta á. Tí ṣáláńgá bá kún, á kó o, á pò ó mọ́ eérú, á sì dà á sí ìdí kárọ́ọ̀tì. Ó tún máa ń bọ́ àpírọ̀ọ̀nù rẹ̀ kó tó ṣe é, kó má baà dọ̀tí. Tí ènìyàn bá béèrè, á ní, "Ilẹ̀ ti jẹ ẹ́. Ohun tí ilẹ̀ bá ti jẹ, ilẹ̀ ló dà."

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ kì í jẹ ẹyin aràn. Ẹyin náà á jókòó sínú ilẹ̀ tútù bí irú tiwa, á máa retí, títí ọwọ́ tàbí kárọ́ọ̀tì kan á fi gbé e dé ẹnu ènìyàn. Bí ìyá àgbà bá ti ń fọ aṣọ, Òwú á wà nínú ọgbà, á fa kárọ́ọ̀tì kan tu. Ìyá àgbà á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á fi etí àpírọ̀ọ̀nù funfun nù ún fẹ́ẹ́, á sì dá a padà fún un pé kó máa jẹ. Obìnrin tó ń fi omi mẹ́ta ṣan aṣọ tábìlì ẹni ẹlẹ́ni.

Òdìkejì ọ̀nà ni ìyàwó olókùúta ń gbé. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń fọ́ òkúta fún àwọn tó ń kọ́lé. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin rí rọ̀bọ̀tọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Bọ́ọ̀lù. Ẹrẹ̀ kì í kúrò lára ọmọ náà. Kò sí ọjọ́ tí Ìyá Máfọwọ́kàn-án kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kó yínmú sí òdìkejì, kó sì sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá pé, "Ẹ wo àwọn ọmọ tí wọ́n fi amọ̀ bí." Kì í rọ ohùn sílẹ̀ tó bá ń sọ ọ́.

Nígbà tí àwọn ọmọ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ìwé lọ́dọ̀ mi, mo mú wọn jókòó pọ̀. Ní ọjọ́ kejì ló ti dé.

"Tíṣà, ẹ bá mi gbé ọmọ mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ olókùúta yẹn."

"Kí ló dé, Màmá?"

"Aràn. Ẹ kàn wò ó lójú."

"Wọn kì í fi ojú mọ aràn, Màmá. Àyẹ̀wò ni wọ́n ń ṣe."

"Àwọn tí kò ní ojú ló ń ṣe àyẹ̀wò."

Mi ò gbé e. Àmọ́ ó bá mi nínú jẹ́ láti sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́ sójú ọ̀nà nípa Bọ́ọ̀lù. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, Bọ́ọ̀lù ya aràn kan. Ìyá rẹ̀ kò tijú. Ó fi ewé di aràn náà, ó gbé e kiri àdúgbò bí ẹni ra nǹkan tuntun, ó sì gbé e dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fún ọmọ náà ní oògùn, inú rẹ̀ mọ́, ó sì tún sanra sí i. Ìyá Máfọwọ́kàn-án fi ọ̀rọ̀ yìí jẹun fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ó ní òun sọ ọ́, tíṣà kò gbọ́.

Kò pẹ́ sí i ni nọ́ọ̀sì kéde pé kí gbogbo ìyá mú ìgbẹ́ ọmọ wọn wá nínú ife kékeré tí wọ́n pín. Ọkùnrin kan máa gòkè wá láti ìlú pẹ̀lú awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, á yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ tí wọ́n bá sì rí ẹyin aràn nínú tirẹ̀ ni wọ́n máa fún ní oògùn. Mo ní kí wọ́n kúkú fún gbogbo wọn. Nọ́ọ̀sì ní oògùn kò kárí. Kò sí àtúnṣe tí mo lè ṣe sí ìyẹn. Ọkùnrin náà dé, kò sì tíì tú ẹrù rẹ̀ tán tí àwọn ará òkè fi sọ ọ́ ní Awògbẹ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nígbà náà ni pé Ìyá Máfọwọ́kàn-án ti rí tirẹ̀. Ó ń fọ pátá Òwú lọ́jọ́ kan, ó sì bá aràn kan níbẹ̀, ó gùn, ó ṣì ń mira. Ó da omi gbígbóná lé e, ó fọ pátá náà títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya, kò sì sọ fún ènìyàn kankan. Ohun tó ń dà á láàmú kò ju ọ̀kan lọ: tí wọ́n bá gbọ́ pé aràn wà nílé alágbàfọ̀, ta ló máa gbé aṣọ ibùsùn aláìsàn fún un mọ́? Ìbẹ̀rù òmùgọ̀ ni. Ojoojúmọ́ ni nọ́ọ̀sì ń rí aràn, kò kà á sí ju ikọ́ lọ, kò sì sí ẹlòmíràn lókè yìí tó lè fọ aṣọ náà. Tó bá béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ náà á ti parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi imú sókè tó bẹ́ẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀. Ó wá ronú. Inú ọmọ kan ṣoṣo ló dá a lójú pé ó mọ́ lókè yìí, torí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oògùn fọ̀ ọ́ ni.

Ìyá Bọ́ọ̀lù ló sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ fún mi nígbà tó yá. Ó ní òun ń fọ́ òkúta lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ nígbà tí òun rí i tó ń sọdá bọ̀, tó ká ìró rẹ̀ sókè kí ẹrẹ̀ má baà tà sí i.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ṣé ènìyàn ò lè kí aládùúgbò rẹ̀ ni?"

"Ó lè kí i. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń retí yín."

"Bọ́ọ̀lù ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́yìn ilé, ó ń yàgbẹ́."

Ìyá Máfọwọ́kàn-án wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ìyẹn gan-an ni mo bá wá."

"Ìgbẹ́?"

"Rọra sọ̀rọ̀."

"Ìgbẹ́ Bọ́ọ̀lù tèmi, ọmọ tí wọ́n fi amọ̀ bí?"

"Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn."

"Àná lẹ sọ ọ́, Màmá. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Àbí kárọ́ọ̀tì yín ò tíì yó?"

"Wọ́n ti fún ọmọ rẹ lóògùn, inú rẹ̀ ti mọ́. Díẹ̀ ni mo fẹ́, tó máa bo ìsàlẹ̀ ife yìí."

"Òwú ńkọ́? Òun kì í yàgbẹ́?"

"Inú rẹ̀ le lónìí."

"Ẹ jẹ́ kó rọ̀."

"Òní ni wọ́n ń gba tiwa."

Ìyá Bọ́ọ̀lù gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ti rí i lára Òwú ni?"

"Kí ni mo rí? Mi ò rí nǹkan kan. Ṣé wàá fún mi àbí o ò ní fún mi?"

"Màá fún yín. Ìgbẹ́ ni, kì í ṣe góòlù. Àmọ́ kúbùsù ọkọ mi wà nílé, ẹrẹ̀ ti sọ ọ́ di páálí. Ẹ bá mi fọ̀ ọ́ kó funfun bíi tòtẹ́ẹ̀lì."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe parí ọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí mo máa gbè nínú àwọn méjèèjì. Ìyá Bọ́ọ̀lù fura pé ọmọ náà ní aràn, ó sì fi kúbùsù dí ara rẹ̀ lẹ́nu. Ẹ̀rín pa á ju kó ronú lọ.

Ohun tó tún burú ni pé ọ̀rọ̀ náà kò dúró síbẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìyàwó ọ̀gá iléèwé wa ti gba ẹ̀yìn ilé wọlé pẹ̀lú ife tirẹ̀ lábẹ́ ìborùn. Ìyàwó télọ̀ tẹ̀ lé e. Ìyá tó ń ta epo náà dé. Kò sí ẹni tó sọ fún ẹnì kejì. Ìgbéraga kan náà ló darí gbogbo wọn sí ẹ̀yìn ilé kan náà. Awògbẹ́ lo gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn lókè, ojoojúmọ́ sì ni ife ń kọjá. Wọn kò wá lọ́wọ́ òfo. Kárọ́ọ̀tì ni wọ́n ń kó wá fún Bọ́ọ̀lù láti inú ọgbà wọn, kí inú rẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́. Wọ́n ń gbé omi sí i lẹ́nu. Wọ́n ń fọwọ́ pa á lára. Ọmọ tí wọn kì í jẹ́ kó fara kan aṣọ wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra jókòó, kó má kánjú. Lọ́jọ́ kan tí ìyá epo ti ń retí títí tó ti rẹ̀ ẹ́, tó wá ń yọ ọmọ náà lẹ́nu pé kó tètè ṣe é, ìyàwó télọ̀ ní, "Ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀ o, tèmi ló kàn."

Awògbẹ́ wo gbogbo rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun kò rí òkè tó mọ́ tó tiwa rí. Ó ní òun máa sọ fún àwọn ọ̀gá òun nísàlẹ̀ pé kí wọ́n máa gbé oògùn lọ síbi tí wọ́n ti nílò rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un ní àgbàlá ilé ìwòsàn. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ẹni tó pàtẹ́wọ́ jù ni Ìyá Máfọwọ́kàn-án, tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó wà nítòsí pé, "Òwú tèmi, wọ́n ò rí nǹkan kan. Ṣebí mo wí?" Àwọn ọmọ àwọn akúṣẹ̀ẹ́ díẹ̀ tí ìyá wọn mú ìgbẹ́ tiwọn gan-an wá ni wọ́n rí aràn lára wọn. Àwọn nìkan ló gba oògùn.

Òjò rọ̀, òjò dá. Láàárín ìgbà náà ni mo ń wo Òwú bó ṣe ń yí padà lórí àga rẹ̀. Ikùn rẹ̀ yọ bí abọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wá tín-ín-rín lábẹ́ aṣọ funfun náà. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ lójú rẹ̀. Ó máa ń tọrọ oúnjẹ, tó bá fi kan ẹnu, á tì í sẹ́yìn. Ó ti mọ orin tí a fi ń ka nọ́ńbà tẹ́lẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sùn tí a bá ń kọ ọ́. Mo ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀ àgbà.

"Màmá, ẹ gbé ọmọ yìí lọ sí ilé ìwòsàn."

"Ṣúgà ló pọ̀ lára rẹ̀. Mo ti dá a dúró."

"Ṣúgà kì í bí aràn."

"Ta ló dárúkọ aràn? Awògbẹ́ wò ó, ó ní ó mọ́. Ẹ̀yin tíṣà lẹ ní ká máa gba ọ̀rọ̀ àwọn tó kàwé gbọ́."

Ó mú mi níbẹ̀. Ó lọ sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ fún ọmọ náà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, ó ń fi kànìnkànìn ha á lára bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Ohun tó wà nínú ìfun ló ń wá lórí awọ. Ọmọ náà ń sunkún, ara rẹ̀ sì ń dán.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́, a ń kọrin ni. Òwú ká jọ sórí àga, ó di ikùn mú, ó sì bì. Omi àwọ̀ ewé ló bì. Mo pọ̀n ọ́n, mo sáré sọ̀ kalẹ̀ sí ilé ìwòsàn, mo sì ní kí wọ́n lọ pe ìyá rẹ̀ àgbà.

Nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀. Ikùn náà ti le. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ó dà bí okùn tí wọ́n ká jọ síbì kan. Tí kì í bá ṣe pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, màá ní aràn ló di ìfun rẹ̀."

Awògbẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó gbé awò rẹ̀ gòkè wá fún ẹ̀jẹ̀ àwọn aláboyún. Ó ní, "Mo wo ti ọmọ yìí dáadáa. Kò sí ẹyin kan níbẹ̀."

"Nígbà náà, nǹkan mìíràn ni. Wọ́n máa ní láti gbé e lọ sí ìlú, kí wọ́n la inú rẹ̀."

Gbogbo wa wo ojú fèrèsé. Kùrukùru ti bo ọ̀nà, a ò rí ẹnu ọ̀nà àgbàlá gan-an. Kò sí ọkọ̀ tó máa sọ̀ kalẹ̀ nínú irú ìyẹn.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Máfọwọ́kàn-án wọlé, sítáàṣì àpírọ̀ọ̀nù rẹ̀ ń dún. Nọ́ọ̀sì kò fi àyè sílẹ̀ fún ìkíni.

"Màmá, ẹ gbọ́ mi. Tó bá jẹ́ aràn ni, mo mọ ohun tí mo lè ṣe fún un níbí. Tí kì í bá ṣe aràn, mi ò gbọdọ̀ fi àkókò ṣòfò, a ní láti pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú kùrukùru yìí, kódà kó pa wá lọ́nà. Ṣé ọmọ yìí ti ya aràn rí?"

"Nínú ilé tèmi?"

Mo ti gbọ́ irú èsì yẹn lẹ́nu àwọn ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́. Nọ́ọ̀sì náà gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ó tún béèrè. Ìyá Máfọwọ́kàn-án ń tún etí aṣọ ibùsùn tí ọmọ náà sùn lé ṣe. Ó ní, "Ẹ bi Awògbẹ́. Òun ló wò ó."

Ìyá Bọ́ọ̀lù ti gbọ́ lójú pópó. Eruku òkúta ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ ti sọ fún wọn?"

"Kí n sọ kí ni? Jáde, ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ."

"Màmá, ẹ sọ fún wọn."

Òwú kérora lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo rí i tó ń wo aṣọ ibùsùn náà. Òun ló fọ̀ ọ́. Ẹ̀mí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló wà lórí aṣọ yẹn, ó sì ń ro ẹni tó máa gbé aṣọ fún un lọ́la.

Ìyá Bọ́ọ̀lù kò dúró mọ́. "Nọ́ọ̀sì, ìgbẹ́ tí wọ́n wò kì í ṣe ti Òwú. Ti Bọ́ọ̀lù ni. Èmi ni mo fún un."

"Irọ́ ló ń pa," ni Ìyá Máfọwọ́kàn-án wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa.

"Kì í sì í ṣe Màmá nìkan. Ìyàwó ọ̀gá iléèwé gbà lọ́wọ́ mi, ìyàwó télọ̀ gbà, ìyá epo gbà. Ó tún ku àwọn míì."

Awògbẹ́ wá àga, ó jókòó. Ó ní, "Èèpo ẹ̀wà. Èèpo ẹ̀wà wà nínú gbogbo rẹ̀. Mo rò pé ohun kan náà lẹ ń jẹ lókè yìí ni."

Ọkùnrin tó kàwé títí tó fi ń lo awò rí èèpo ẹ̀wà kan náà nínú ife ẹni púpọ̀, kò sì béèrè ìbéèrè kan. Màá dá ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi dúró sí kíláàsì fún irú rẹ̀.

Ìyá Máfọwọ́kàn-án ti yíjú padà. "Ìyàwó ọ̀gá iléèwé náà?"

"Òun náà, Màmá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá. Ó da tàkọ́kọ́ nù sọ́nà."

Ẹ ò bá wo ojú rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Àánú Òwú kò lè là á lẹ́nu, ìbéèrè nọ́ọ̀sì kò lè là á, àfi ìgbà tó gbọ́ pé ìyàwó ọ̀gá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun nínú ìtìjú. Ó ní, "Ó gùn tó okùn bàtà. Mo rí i nínú pátá rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kú."

Nọ́ọ̀sì ti ń wá ojú iṣan lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó fa omi sí i lára, ó ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba imú rẹ̀ lọ sínú, kó lè fa ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde, ó sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, kódà omi. Ó ní oògùn aràn gan-an kò tíì yá, kí okùn tó ká jọ yẹn kọ́kọ́ tú. A jókòó tì í. Ìyá Bọ́ọ̀lù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lé e.

Lọ́jọ́ kejì, ikùn náà rọ̀. Ọmọ náà só, nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín bí ẹni gbọ́ orin. Nígbà tó yá ni wọ́n fún un ní oògùn, àwọn aràn náà sì jáde sínú póò, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn. Nọ́ọ̀sì ní kí ìyá àgbà wá wò ó.

Ó wò ó láti òkèèrè. Ó ní, "Iléèwé ló ti kó o."

"Màmá, inú ọgbà kárọ́ọ̀tì yín ló ti kó o," ni mo wí. "Láti inú ṣáláńgá tí ẹ ń dà síbẹ̀."

"Ilẹ̀ ti jẹ ẹ́."

Mo ṣàlàyé. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé: kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀ kó lé ní ọdún kan dáadáa kó tó dé ọgbà, kí ẹ fi omi ṣan kárọ́ọ̀tì, kí ẹ sè é, kí ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ọmọ. Ó ń mi orí sí i bí ẹni tí wọ́n ń kọ́ ní ohun tó ti mọ̀. Ọṣẹ tó wà nílé rẹ̀ tó láti fọ gbogbo ọwọ́ tó wà lókè yìí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni nọ́ọ̀sì pe gbogbo àwọn ìyá jọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ife tó máa ti ilé wá. Àgbàlá ilé ìwòsàn gan-an ni kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ṣe é, lójú nọ́ọ̀sì. Ẹ ò bá rí àwọn ìyàwó ọ̀gá, tí wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn nígbà tí àwọn ọmọ wọn jókòó lórí póò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Awògbẹ́, tó ti ń wò ó fínnífínní wàyí, ń ké orúkọ láti ojú fèrèsé. Ọmọ ọ̀gá iléèwé: aràn. Ọmọ télọ̀: aràn. Ọmọ ìyá epo: aràn. Ó wá ké pé, "Bọ́ọ̀lù: aràn."

Ìyá Bọ́ọ̀lù dìde. "Bọ́ọ̀lù wo? Tèmi ti lo oògùn."

"Ó tún ti kó òmíràn. Ohun tó jẹ ni."

Ìyá Bọ́ọ̀lù yíjú sí àwọn obìnrin náà. "Ẹ gbọ́, kárọ́ọ̀tì ta ni?"

Ìyá Máfọwọ́kàn-án tún gèlè rẹ̀ wé. Ó ní, "Kì í ṣe tèmi. Tìyàwó ọ̀gá ló tóbi jù lọ́jọ́ náà."

"Òwú ńkọ́, Màmá?" ni nọ́ọ̀sì bi í. "Ó yẹ ká tún wo tirẹ̀."

Òwú ti wà níbẹ̀. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló di ìyá rẹ̀ àgbà lọ́wọ́ mú, tó ń rìn tẹ̀ǹtẹ̀ǹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì tín-ín-rín. Wọ́n gbé tirẹ̀ wọlé. Àwọn obìnrin tó kù na ọrùn sí ojú fèrèsé. Awògbẹ́ pẹ́ lórí ẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ó wá yọ orí lójú fèrèsé, ó ní ẹyin díẹ̀ ṣì kù níbẹ̀, ó máa tún oògùn lò.

Gbogbo àgbàlá yíjú sí Ìyá Máfọwọ́kàn-án. Ó kọjá láàárín wọn, ó lọ dúró níwájú tábìlì nọ́ọ̀sì, ó sì na ọwọ́.

"Ẹ kó oògùn wá," ló wí. "Ti Òwú ni."